Èyí Tó Bá Ti Gbẹ

Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán ní Òkèlele
mo ti jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ mi ń wá bàtà.
Méjì ló wà níbẹ̀.
Ọ̀kan pẹlẹbẹ bí àkàrà tí kò wú,
kánfáàsì dúdú tí mo rà ní Ìpàta lọ́wọ́ ará Ọ̀ffà kan
tó búra pé ọmọ ṣọ́jà ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn.
Èkejì, Rámọ́tà ọmọ àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun:
funfun báláú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí tìmùtìmù ààfáà.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo ga ju ọkọ mi lọ.
Alábí wò mí látòkè délẹ̀, ó ní,
"Ìyá Múínì, ṣé eré lo fẹ́ lọ sá ni, àbí o fẹ́ ká ọsàn?"

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí.
Orúnkún mi ọ̀tún ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo bí Múínì.
Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn.
Mo rìn títí, ìrìn di eré.

Kánfáàsì kì í parọ́.
Lórí ọ̀dà Akérébíata, pá, pá, pá,
ó ń ka ilẹ̀ fún mi bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà:
ìdérí mínírà nìyí, èkùrọ́ nìyí,
ibi tí ọ̀dà ti là nìyí.
Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, orúnkún á gba ìròyìn náà,
á máa tún un sọ fún mi títí di alẹ́.

Onítìmùtìmù ní tirẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́ ni.
Fù, fù, bí ẹni ń tẹ ìrọ̀rí.
Òkúta dákẹ́. Ọ̀dà dákẹ́. Orúnkún pàápàá dákẹ́.
Mo sáré kọjá géètì bárékè Sobí, n kò mọ̀ pé mo ti débẹ̀.
Mo ní, háà, bí àwọn olówó ṣe ń sáré rèé?

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án.
Mo yà kúrò lórí ọ̀dà, mo gba ọ̀nà yangí tó lọ sídìí òkè.
Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀ tí kánfáàsì ti mọ̀ dáadáa,
kì í tilẹ̀ bi mí kó tó yẹ̀ ẹ́.
Ẹlẹ́rọ̀ yìí ò gbọ́ nǹkan kan.
Ó fì sápá kan pẹ̀lú gíga rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi bá a lọ,
mo bá jókòó sáàárín koríko bí ẹni ń retí àlejò.
Ọmọkùnrin kan tó ń da màlúù dúró.
Ó wo bàtà mi, ó wo sílípáàsì rọ́bà ẹsẹ̀ tirẹ̀,
kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi òrí para.
Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Ó dára. Ẹni tí bàtà kò ta níbì kankan ńkọ́,
ta ni yóò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ fún un?
Lúkúmọ̀n tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá ní,
"Àǹtí, bàtà ò lẹ́jọ́. Ẹ wọ funfun lórí ọ̀dà,
ẹ wọ dúdú lórí yangí."
Ó rọrùn lẹ́nu.
Ọ̀nà tèmi, ọ̀dà ni títí dé ìdajì, yangí ni ìyókù.
Ṣé kí n wá gbé ìkejì karí bí aláàárù ni?

Òjò ọjọ́ Àlàmísì rin méjèèjì.
Mo tò wọ́n sójú fèrèsé.
Kánfáàsì gbẹ kí wọ́n tó kírun àyìlà ọjọ́ kejì.
Funfun mu omi bí ràkúnmí, ó ṣì ń sunkún sára ògiri.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, mo fọwọ́ kan èkejì.
Orúnkún ń wò mí.
Ọrùn ẹsẹ̀ ń wò mí.
Mo wọ èyí tó ti gbẹ.